Ojú Ọ̀tún fún Ìrìn, Ojú Òsì fún Ìwé

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi lójú ọ̀tún yọrí sí rere. Bẹ́ẹ̀ ni dókítà sọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí, nítorí pé rẹ́tínà, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ojú, tó ti bó kúrò ní àyè rẹ̀ ti padà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ojú, kò sì tún bó mọ́ láti ìgbà náà. Síbẹ̀, bí mo bá di ojú òsì mi, tí mo sì fi ojú ọ̀tún yìí nìkan wo ẹni tó jókòó níwájú mi, imú rẹ̀ á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Òtítọ́ méjèèjì yìí ni mo ń gbé pọ̀ báyìí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní èdè Yorùbá. Mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún, tí àwọn ará ilé ń kí kú oríire, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń rò ó nínú pé kí ló dé tí òun kò ríran bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Ẹni tó bá ti bó ẹyin sísè rí yóò mọ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ inú èèpo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni rẹ́tínà ṣe lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn ojú nínú lọ́hùn-ún. Òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé, òun náà ló sì ń fi í ránṣẹ́ gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ, kí ọpọlọ tó lè sọ pé ìwé nìyí, ọmọ nìyẹn. Àárín ojú kún fún ohun kan tó mọ́ gaara, tó sì ki ju omi lọ. Bí a ṣe ń dàgbà ni ohun kíki yìí ń yòrò díẹ̀díẹ̀, tó ń súnkì, tó sì ń fa ara rẹ̀ kúrò lára rẹ́tínà. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í mú wàhálà kankan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bó bá lẹ̀ le jù níbì kan, ó lè fà á ya, omi á sì gba ojú ibi tó ya náà wọ ẹ̀yìn rẹ́tínà, á máa gbé e kúrò lára ògiri. Àwọn tí kì í rí ọ̀nà jíjìn, tí awò wọn nípọn, ni ó máa ń ṣe ju ẹlòmíràn lọ, nítorí pé ẹyinjú tiwọn gùn, rẹ́tínà wọn sì fẹ́lẹ́ sí i. Ó tún máa ń ṣe ẹni tí bọ́ọ̀lù, òkò tàbí ẹ̀ṣẹ́ bá bà lójú. Ó ń ṣe àwọn mìíràn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ katarátì, ìyẹn dígí inú ojú tó ti ṣú. Àtọ̀gbẹ náà sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà fa rẹ́tínà, nípasẹ̀ àpá tó ń hù sí i lórí. Kò dun ènìyàn rárá. Èyí ló burú jù nínú rẹ̀, nítorí pé ìrora ló sábà máa ń lé wa lọ sí ilé ìwòsàn.

Tèmi jẹ́ ti awò nínípọn. Láti kékeré ni ojú òsì mi kò ti ríran tó ti ọ̀tún, kò sì sí awò tó lè tún un ṣe, nítorí náà ojú ọ̀tún ni mo fi ka gbogbo ìwé tí mo kà títí mo fi di olùkọ́. Ojú ọ̀tún yìí kan náà ni ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bù yẹ̀rì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn, tí àwọn ohun dúdú tíntìntín sì kún inú rẹ̀ lójijì, kí òjìji kan tó bẹ̀rẹ̀ sí gòkè láti ìsàlẹ̀. Nítorí pé dígí inú ojú máa ń dorí àwòrán kodò, òjìji tó bá ti ìsàlẹ̀ wá túmọ̀ sí pé apá òkè rẹ́tínà ló ti bó, irú èyí sì máa ń yára tàn ká, nítorí pé omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wá ìsàlẹ̀ lọ. Dókítà ojú tó kọ́kọ́ wò mí ní Adó-Èkìtì kò fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Ó kọ lẹ́tà lé wa lọ́wọ́, ó ní kí a kọjú sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí n tó dórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, mákúlà mi ti bó.

Orí mákúlà yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àárín gbùngbùn rẹ́tínà ni, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi milimítà 5 lọ, ṣùgbọ́n òun ni a fi ń kàwé, òun ni a fi ń dá ojú ènìyàn mọ̀, òun ni a fi ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ nídìí. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ògiri ẹ̀yìn ojú ló ń bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Bí rẹ́tínà bá ti bó kúrò lára ògiri, ebi dé bá wọn nìyẹn, bí ó bá sì ṣe ń pẹ́ sí i ni àwọn tó ń kú ń pọ̀ sí i. Ẹni tí mákúlà rẹ̀ kò tíì bó, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń sáré sí i, nítorí pé ìríran rẹ̀ ṣì wà ní odidi, iṣẹ́ wọn sì ni kí ó má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ti bó, iṣẹ́ abẹ máa ń gba ohun tó kù là ni, apá kan nínú ìríran náà á sì padà díẹ̀díẹ̀, jù lọ láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ó sì lè máa sàn sí i títí di ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ó padà pátápátá. Awò kò lè tún un ṣe, nítorí pé iwájú ojú ni awò ń ṣiṣẹ́ fún, ẹ̀yìn ojú ni àbùkù sì wà.

Mo máa ń rántí, nígbà tí inú mi bá bàjẹ́, pé kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ọ̀nà àbáyọ kankan wà. Ṣáájú nǹkan bí ọdún 1920, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí rẹ́tínà wọn bá bó ni ojú náà máa ń fọ́ pátápátá. Jules Gonin, dókítà ojú kan ní ìlú Lausanne ní Switzerland, ló fi hàn ní nǹkan bí àkókò yẹn pé ibi tó ya lára rẹ́tínà ni orísun ìyọnu náà, àti pé bí a bá dí ihò yẹn, rẹ́tínà lè padà lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Robert Machemer, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Miami, gbé ọ̀nà jáde tí wọ́n fi ń gba ihò kékeré wọ inú ojú láti gé ohun kíki inú rẹ̀ kúrò kí ó má baà fa rẹ́tínà mọ́. Irú iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ṣe fún mi, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi mú ojú kú, tí etí mi sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Lóde òní, nínú ènìyàn 10 tí wọ́n bá ṣe é fún, rẹ́tínà àwọn bí i 8 sí 9 ló máa ń lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láì tún un ṣe.

Lẹ́yìn tí wọ́n gé e, tí wọ́n sì fi lésà jó etí ihò náà yíká kí àpá lè dì í mú, wọ́n fi gáàsì kún inú ojú mi. Òróró sílíkónì ni wọ́n ń fi sí ti àwọn mìíràn, èyí sì máa ń wà níbẹ̀ títí dókítà yóò fi padà yọ ọ́ kúrò. Gáàsì ní tirẹ̀ máa ń yọ́ lọ fúnra rẹ̀, ọ̀kan láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2, òmíràn títí di nǹkan bí oṣù 2. Iṣẹ́ gáàsì náà ni láti tẹ rẹ́tínà mọ́ ògiri títí àpá yóò fi jinná. Nítorí pé ó máa ń wú bí ènìyàn bá gòkè, wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú rárá níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà nínú ojú mi, pé bí mo bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn níbikíbi, kí n kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó ń fi oògùn kun ènìyàn lóorun, nítorí pé irú afẹ́fẹ́ kan wà nínú èyí tí wọ́n ń lò tó lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga débi tí ojú yóò fọ́. Dókítà tilẹ̀ béèrè ọ̀nà tí a ó gbà padà sílé. Nígbà tí ó gbọ́ pé Iléṣà ni, tí a ó sì gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ó ní kí n ṣì dúró ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ìbátan wa títí òun yóò fi tún wo ojú náà.

Ìdojúbolẹ̀ ni iṣẹ́ tó kù fún mi níbẹ̀. Gáàsì máa ń léfòó ni, nítorí náà bí a bá fẹ́ kí ó tẹ ẹ̀yìn ojú, orí gbọ́dọ̀ dojú kọ ilẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru, nínú jíjẹun àti nínú sísùn. Mo to ìrọ̀rí sórí tábìlì, mo gbé iwájú orí lé e, mo sì fi rédíò sí ẹ̀gbẹ́ etí. Ọrùn á ro ènìyàn, ẹ̀yìn á ro ènìyàn, ṣùgbọ́n ohun tó ni mí lára jù ni àwọn àlejò. Àwọn àgbà ń wọlé láti bá mi kẹ́dùn, ẹ̀yìn orí mi ni mo sì fi ń dá wọn lóhùn, èyí tí ọmọ tí a kọ́ nílé kì í ṣe. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló bá mi yanjú rẹ̀. Màmá àgbà yìí fa àpótí ìdáná wá, ó jókòó sí ìsàlẹ̀ mi, ó gbé ojú sókè sí mi, ó ní, “Wò mí níbí, ọmọ mi, má gbórí.” Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹni tó bá wá ti ń jókòó sórí àpótí yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ẹni tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ bá a wá àpótí kan.

Nígbà tí gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, mo rí ìlà kan tó dábùú ojú mi, tó ń mì bí mo bá ti mì. Òkè ìlà náà mọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn. Lójoojúmọ́ ni ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi di róbótó kékeré, tí róbótó náà sì pòórá. Ohun tí mo rí lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ti sọ níṣàájú. Férémù ilẹ̀kùn tẹ̀ wọ inú ní àárín. Àwọn ìlà inú ìwé ń lọ sókè sódò. Ohun gbogbo kéré díẹ̀ ju bí ojú òsì ṣe ń rí i lọ, àwọ̀ pupa sì ṣá. Bí mo bá la ojú méjèèjì pọ̀, àwòrán méjì ló ń jà lójú mi, orí á sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi. Rẹ́tínà ti padà, ṣùgbọ́n kò tẹ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà rí, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò sì tò sí ojú ibi tí ọpọlọ ti mọ̀ wọ́n sí tẹ́lẹ̀.

Níbí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ìrètí nù tàbí tí wọ́n ti ń bá dókítà jà. Àṣeyọrí méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí. Ti dókítà ni kí rẹ́tínà lẹ̀, ti aláìsàn ni kí ó ríran. Dókítà tó wo ẹ̀yìn ojú, tó sì sọ pé ó dára, kò purọ́. Aláìsàn tó ní òun kò lè ka Bíbélì òun, òun náà kò ṣe àìmoore. Lérò tèmi, ó yẹ kí a máa sọ èyí fún ènìyàn kedere, pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, nítorí pé lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń sọ fún ọ pé kí o ṣọpẹ́, pé ẹlòmíràn fọ́jú. Mo ṣọpẹ́, mo sì ń ṣọpẹ́. Mo tún sunkún pẹ̀lú, nítorí pé ojú tí mo fi kàwé láti ìgbà èwe mi ni ó lọ, àdánù sì ni. Ẹni tó bá ń ṣọ̀fọ̀ ojú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí gbé ayé mi padà ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí wo ohun tí ojú kọ̀ọ̀kan ṣì lè ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti ṣe é, tí mo kọjú sí òkè Olósùnta, tí mo di ojú òsì, tí mo tún di ojú ọ̀tún. Ojú ọ̀tún rí òkè náà tàn láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ó rí ewúrẹ́ tó ń kọjá ní apá ọ̀tún mi, ó rí òrùlé ní apá òsì, àárín gan-an ló wọ́, tó sì ṣú. Ojú òsì rí ìlà orí òkè náà ní gígùn tó tọ́, bí kò tilẹ̀ mọ́ tó. Ibẹ̀ ni mo ti pín iṣẹ́ fún wọn: ojú ọ̀tún ni mo fi ń rìn, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ojú ni a fi ń mọ ohun tó ń bọ̀ lọ́nà, ojú òsì ni mo fi ń kàwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà gbọ́dọ̀ tóbi fún un. Mo bi dókítà bóyá ó burú, ó ní kò burú. Ó gbà mí láyè láti lẹ tépù tí kò mọ́ gaara mọ́ ojú ọ̀tún awò tí mo fi ń kàwé, kí àwòrán méjì má baà máa jà. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ti ń kọ́ láti pa àwòrán tó wọ́ náà tì, débi pé n kò fi gbogbo ìgbà nílò tépù náà mọ́.

Iṣẹ́ mi kò jẹ́ kí ó rọrùn. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, àmì orí àti ìdí ọ̀rọ̀ ló sì kọ́kọ́ ń sá fún ojú tó ti rẹ̀. Ọmọ á kọ “ọkọ”, n kò ní mọ̀ bóyá ó fi àmì sí i tàbí kò fi sí i, bóyá ọkọ̀ ló ní lọ́kàn tàbí ọkọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa gbà kí àwọn ọmọ máa fi bírò dúdú kọ̀wé fún mi, kí wọ́n máa fo ìlà kan láàárín ìlà méjì, kí wọ́n sì jẹ́ kí àmì ohùn hàn. Mo ń ya àwòrán ojú ewé tó bá ṣòro pẹ̀lú fóònù, mo sì ń fẹ̀ ẹ́ títí àmì ìdí ẹ fi tóbi lójú mi. Ìwé ìdánwò kan ń gbà mí ní ìlọ́po àkókò tí ó ń gbà mí tẹ́lẹ̀. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀, mo sì ti sọ fún àwọn tó yẹ kí ó mọ̀, kí wọ́n má baà máa retí mi ní ọjọ́ tí n kò lè bá. Lálẹ́, àtùpà tó ń gba iná sára ni mo ń gbé sí ẹ̀yìn èjìká òsì, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sórí ìwé, kí ó má sì bọ́ sí mi lójú.

Nínú ilé ìdáná, ìyàtọ̀ àwọ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ mímu funfun nínú ago funfun kò ṣeé rí, nítorí náà ago aláwọ̀ búlúù ni mo ń lò fún un. Ẹ̀wà olóyin nínú tíréè funfun hàn dáadáa, mo sì ń fi ìka tẹ́ ẹ fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ìka máa ń mọ òkúta kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ń da omi gbígbóná, mo máa ń jẹ́ kí ẹnu kẹ́tùrù kan etí ago kí n tó dà á. Ẹni tí ojú rẹ̀ méjèèjì kò bá ṣiṣẹ́ pọ̀ kì í mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí i tó, omi á sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ago tàbí sórí ọwọ́. Àwọn ọmọ mi ló ń gún iyán.

Àtẹ̀gùn ilé wa ni ọkọ mi fi ọ̀dà funfun kun etí rẹ̀, èyí sì ti ràn mí lọ́wọ́ ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ, nítorí pé sísọ̀kalẹ̀ ló ṣòro ju gígùn lọ. Gọ́tà tí kò ní ìdérí ni ewu gidi lójú ọ̀nà, pàápàá lẹ́yìn òjò tí omi bá ti tẹ́jú pẹ̀lú ilẹ̀. Àárín ọjọ́ tí oòrùn bá mú ganrínganrín, fìlà tó ní etí gbígbòòrò ni mo ń dé. Bí mo bá bọ́ láti inú oòrùn sínú ilé tó ṣókùnkùn, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ojú yóò fi mọ́ra, mo sì ti sọ fún àwọn ọlọ́kadà tí mo mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí wọ́n má gbé mi.

Ìkíni ló wá ṣòro jù fún mi nínú gbogbo rẹ̀, ju ìwé lọ, ju ọ̀nà lọ. Ní ìlú bíi tiwa, ẹni tó bá kọjá lára ènìyàn láì kí i ti sọ ọ̀rọ̀ ńlá, kò sì sí bí a ṣe lè kí ẹni tí a kò rí tàbí ẹni tí a rí tí a kò dá mọ̀. Ènìyàn a máa jókòó sí ìloro, mo ń rí i pé ènìyàn ni, mo rí àwọ̀ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò wọlé sí mi, n kò sì mọ̀ bóyá àgbà tí mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí ni tàbí ọmọ tí mo kọ́ ní ọdún tó kọjá. Àwọn kan ju ọwọ́ sí mi láti òdì kejì títì, n kò dáhùn. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kiri pé iṣẹ́ ìjọba àti ìrìn àjò Ìbàdàn ti sọ mí di agbéraga. Ìyá kan tí a jọ ń ra ẹ̀fọ́ lọ́jà láti ọjọ́ pípẹ́ ló dá mi dúró, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n nígbà tó ní, “Tíṣà, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo kí yín tí ẹ gbójú lọ?” Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, “Mọ̀mí, n kò rí yín ni. Bí ẹ ṣe dúró yìí, aṣọ yín ni mo rí, ohùn yín ni mo fi mọ̀ yín.” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bú sẹ́kún, ó ní òun rò pé ojú tí wọ́n ṣe ti là.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn láì dúró kí wọ́n béèrè. Ẹyinjú mi kò pupa, kò funfun, ẹni tó bá wò mí kò lè rí àbùkù kan lára rẹ̀. Ẹnu mi nìkan ló lè sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ ní ìjọ, ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ní ọ̀dọ̀ àwọn tí mo ń rajà lọ́wọ́ wọn. Gbólóhùn kan náà ni mo ń lò: “Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá rí mi, ẹ fi ohùn kí mi, kí ẹ sì dárúkọ ara yín.” Èmi náà, bí mo bá ti rí òjìji ènìyàn níwájú ilé, mo ti kí i kí n tó súnmọ́ ọn, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ kí gbogbo wọn, nítorí pé kò sí ọmọdé tí “ẹ kú ilé o” ń pa lára. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń dárúkọ kí wọ́n tó dáhùn ìbéèrè. Àwọn ọ̀rẹ́ tí a bá jọ ń rìn ti mọ̀ pé ohùn ni mo fi ń tẹ̀lé wọn, wọn kì í sì í dákẹ́ lójijì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìbànújẹ́ tó kù fún mi nínú rẹ̀ ni ti ẹ̀rín músẹ́. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín músẹ́ kò ní ohùn.

Àwọn tó fẹ́ràn mi ti gbé oríṣiríṣi nǹkan wá láti kán sí ojú náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, n kò sì lo ọ̀kankan. Omi ṣúgà, ìtọ̀, omi ọmú àti àgbo tí wọ́n ń kán sí ojú kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ́tínà tó wà lẹ́yìn pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n lè kó kòkòrò àrùn wọ iwájú ojú tó ṣì dára, kí wọ́n sì bà á jẹ́. Bákan náà ni àwọn kan ní kí n má fi ojú òsì kàwé mọ́, kí ó má baà tán. Ojú kì í tán nítorí pé a lò ó. Dókítà fi dá mi lójú. Ohun tó lè pa á lára ni kí nǹkan bà á, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wọ awò tí wọ́n fi ike líle ṣe, tí kì í fọ́ sójú, kódà nígbà tí mo bá ń gé igi tàbí tí mo ń ro oko ẹ̀yìnkùlé. Àyẹ̀wò náà kò dáwọ́ dúró. Oògùn tí wọ́n fún mi láti kán sójú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga, nítorí náà wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ti kọjá 50 ọdún, katarátì sì máa ń yọ sí ojú tí wọ́n bá ṣe irú iṣẹ́ yìí fún láàárín nǹkan bí ọdún 2, wọ́n sì ti sọ fún mi pé tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Bí àkókò bá tó, wọn yóò yọ ọ́, ìyẹn sì lè jẹ́ kí ojú náà mọ́ sí i, bí kò tilẹ̀ ní mú ohun tó wọ́ tọ́.

Ewé kan láti inú ìwé gíráàfù ni mo lẹ̀ mọ́ ara ògiri yàrá mi. Mo fi máákà dúdú ṣe àmì róbótó kékeré kan sí àárín rẹ̀, mo sì ń dúró ní ibi tó jìnnà tó gígùn apá, mo ń di ojú kan, mo ń fi ìkejì wo àmì dúdú náà láì yí i kúrò. Mo mọ bí àwọn ìlà ṣe ń tẹ̀ lójú ọ̀tún mi báyìí, mo sì mọ̀ pé wọ́n tọ́ lójú òsì. Bí ìyípadà bá dé bá ọ̀kan nínú wọn, bí ìlà tuntun bá tẹ̀, bí ibì kan bá ṣófo, tàbí bí ìmọ́lẹ̀ tó ń bù yẹ̀rì àti ohun dúdú tuntun bá tún yọ, n kò ní dúró di ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi. Rẹ́tínà tó ti lẹ̀ lè tún bó, pàápàá láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, nígbà tí àpá bá hù sórí rẹ̀ tó sì ń fà á. Ojú kejì ẹni tí ọ̀kan bá ti bó sì wà nínú ewu ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi mú àbúrò mi ọkùnrin lọ fún àyẹ̀wò, ẹni tí awò tirẹ̀ nípọn bíi tèmi, tí kò sì ní ìyọnu kankan tó mọ̀. Wọ́n kán oògùn sí i lójú títí dúdú ojú rẹ̀ fi là gbòòrò, dókítà dé iná sórí, ó sì wo ẹ̀gbẹ́ rẹ́tínà rẹ̀ yípo. Ó rí ibi kékeré kan tó ti ya lójú òsì rẹ̀, tí omi kò tíì wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n fi lésà yí i ká láì gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, láì sí gáàsì, láì sí ìdojúbolẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ mi tó ń lo awò ló kàn báyìí. Ìgbà ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ ni a ó kó wọn lọ.